Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Òkun Fi Ń Fì Ní Àlọ Ju Àbọ̀ Lọ?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé yìí.)

  

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù. Àríyànjiyàn kan ló ṣẹlẹ̀ ní ilé oúnjẹ níjelòó. Awakọ̀ tírélà kan nínú wa ní òkun kan náà ni òkun, pé bí ó bá ń ru, ó ń ru náà ni, ibi yòówù tí ọkọ̀ ìbáà kọjú sí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ èbúté ní irọ́ ni, pé láti ìgbà tí òun ti ń bá àwọn atukọ̀ jẹun, gbogbo wọn ló ń sọ pé ọ̀nà Èkó sí Dákà, àti láti Dákà sókè, le ju ọ̀nà àbọ̀ lọ. Wọ́n jà á títí ẹ̀bà fi tutù mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí pé mo ti fi ọdún díẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí dẹ́ẹ̀kì rí kí n tó sọ̀ kalẹ̀, èmi ni wọ́n wá fi ṣe adájọ́.

Ìdájọ́ mi ni pé àgbà òṣìṣẹ́ èbúté jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju bí ó ti sọ ọ́ lọ. Àwa tí a kì í wọ ọkọ̀ òkun, àwa tí a ń di ẹrù ní ilé iṣẹ́ tí a sì ń wà á lọ sí Àpápá, a ní ìpín tiwa nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń MI ỌKỌ̀

Ohun mẹ́ta ló ń da omi òkun láàmú. Èkíní ni ìgbì tí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lọ́wọ́ gbé dìde. Ó kúrú, ó súnmọ́ra, orí rẹ̀ a sì máa hó funfun. Èkejì ni ìgbì àjèjì, èyí tí ìjì kan bí ní ọ̀nà jíjìn réré, tí ó wá rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ewé lè máà mì lórí igi ní Èkó kí ìgbì yìí máa ya lu etíkun gbì, gbì. Ẹ̀kẹta ni ìṣàn, nítorí òkun pàápàá ń ṣàn bí odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí bèbè rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá wa lọ́rì lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí wókowòko bí páànù òrùlé, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe kòtò nìkan ló ń mú ọkọ̀ gbọ̀n. Eré tí ẹ ń sá wà níbẹ̀. Ẹ wá rò ó wò bí àwọn kòtò náà bá lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń sáré bọ̀ wá pàdé yín. Ohun tí ìgbì ń ṣe fún ọkọ̀ òkun nìyẹn. Bí ẹ bá pàdé ara yín lójúkojú, ẹ ó ro eré tiyín pọ̀ mọ́ eré tirẹ̀. Bí ẹ bá jọ ń lọ, ẹ ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣe é. Ẹ mú ìgbì kan tí orí rẹ̀ ń kọjá ojú kan ní sẹ́kọ́ńdì 8 sí 8. Lójú omi jíjìn, láti orí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kan dé orí èkejì tó nǹkan bí 100 mítà, ó sì ń sáré tó máìlì òkun 24 ní wákátì kan. Bí ọkọ̀ tí ń sá máìlì òkun 15 bá dojú kọ ọ́, àròpọ̀ eré wọn di 39, ìgbì yóò sì máa gbá iwájú ọkọ̀ ní sẹ́kọ́ńdì 5 sí 5. Bí ọkọ̀ náà bá yí padà, tí ó ń bá ìgbì lọ, máìlì 9 péré ni ìgbì fi ń yára jù ú. Yóò tó sẹ́kọ́ńdì 21 kí òmíràn tó bá a láti ẹ̀yìn. Ìgbì 12 nínú ìṣẹ́jú kan ní àlọ. Kò pé 3 ní àbọ̀. Ọkọ̀ kan náà, omi kan náà, ọjọ́ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní máìlì 15 tí ọkọ̀ sì dojú kọ ọ́ ní máìlì 15, ọgbọ̀n ni yóò máa fẹ́ lù yín lójú lórí dẹ́ẹ̀kì. Fìlà kò ní dúró. Ní àbọ̀, afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ jọ ń rìn, èéfín ẹ́ńjìnì á gùn gbọọrọ sókè láìyà síbì kan, èrò ọkọ̀ á sì máa sọ pé òkun dákẹ́ lónìí. Òkun kò dákẹ́. Àwọn ni wọ́n ń bá a lọ.

ETÍKUN TIWA

Láti Èkó títí dé Cape Palmas ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Làìbéríà, ọ̀nà ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn gbọnrangandan. Ìṣàn kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń ya àwòrán òkun ń pè ní Ìṣàn Guinea. Ìlà oòrùn ni ó ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ju máìlì òkun kan ní wákátì kan lọ, ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò ó lè tó méjì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Èkó sí Tema tó nǹkan bí 200 máìlì òkun. Bí ọkọ̀ ẹrù kan bá ń sá 12, tí ìṣàn jẹ́ máìlì kan àbọ̀, wákátì 19 ni yóò lò ní lílọ, kò sì ní pé 15 ní bíbọ̀. Wákátì mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú epo rẹ̀, àti oorun òṣìṣẹ́ ilé ẹ́ńjìnì. Mo rántí pé àwọn kúkù kò fẹ́ràn ọ̀nà Tema nítorí ó ń fi oúnjẹ kan kún iṣẹ́ wọn.

Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí etíkun wa ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, òun ló ń gbé òjò wá fún wa. Ìgbì àjèjì náà ń ti apá gúúsù wá, láti inú ìjì tí ń jà nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí òtútù wà. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ó ń le jù, nítorí ìgbà òtútù tiwọn nìyẹn lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ tí ó bá ń ti Èkó lọ sí Takoradi yóò ní afẹ́fẹ́ ní èjìká òsì níwájú, yóò ní ìṣàn níwájú, yóò sì ní ìgbì àjèjì ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Èyí tí ń bọ̀ yóò ní afẹ́fẹ́ ní èjìká ọ̀tún lẹ́yìn, ìṣàn á máa tì í, ṣùgbọ́n ìgbì àjèjì ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa fi ní òótọ́ díẹ̀ nínú nìyí. Ìgbì tí ó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá kò mọ àlọ yàtọ̀ sí àbọ̀. Yóò máa gbé ọkọ̀ sọ́tùn-ún, yóò máa gbé e sósì, bí ìyá tí ń mi ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Ẹni tí inú rẹ̀ bá máa ru yóò bì ní àlọ, yóò sì bì ní àbọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ní àlọ, ọkọ̀ tún ń ki orí bọ omi lórí fífì tí ó ń fì, omi sì ń ta sókè.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiyèméjì pé ìgbì wa ń ti apá ìwọ̀ oòrùn gbá wa, kí ó wo ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti fi ṣe ògiri gígùn, kí yanrìn má bàa dí ẹnu ọ̀nà mọ́, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Kí ó tó di ìgbà náà, ìta ni ọkọ̀ ńlá ń dúró, tí ọkọ̀ kékeré ń lọ gbé èrò àti ẹrù wọlé. Ògiri náà ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yanrìn tí ìgbì ń gbá láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ní Lighthouse Beach. Apá kejì, ní Bar Beach, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Owó ńláńlá ni ìjọba ń dà sínú omi níbẹ̀ láti fi yanrìn dípò yanrìn, kí wọ́n tó wá fi ògiri ńlá dí i ní ọ̀rúndún tí a wà yìí. Àwọn tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ibi tí ìgbì ti ń wá, ẹ ní kí wọ́n lọ bi àwọn onílé etí omi.

Nítorí ìgbì yìí kan náà ni àwọn baba wa fi ń fi àga onípákó sọ èrò kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ ní Accra. Bí ọkọ̀ bá ti dúró sí ìta, wọ́n á kó ènìyàn mẹ́rin sínú àga bí àpótí, ẹ̀rọ á gbé wọn sókè, á sì rọra sọ wọ́n sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù sókè sódò nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ àti ìgbì kò bá ṣe déédéé, ìbàdí èrò ni yóò sọ. Ìgbà tí èbúté Tema ṣí ní 1962 ni ìyẹn tán nílẹ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń dojú ìṣirò mi rú, n kò sì ní fi pamọ́. Ìjì òjò wa, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní tọ̀nédò láti ayébáyé, ìlà oòrùn ni ó ti ń wá. Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ó rí i tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò ní apá ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ lójijì, lẹ́yìn náà á sì ya lulẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ wálé ló dojú kọ ọ́. Ọpẹ́ ni pé kì í pẹ́. Wákátì kan tàbí méjì, ó ti lọ.

LÁTI DÁKÀ SÓKÈ

Ibi tí àlọ ti le jù ni láti Dákà lọ sí Las Palmas. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà oòrùn fẹ́ wá sísàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáwọ́ dúró lọ́dún yíká, ìṣàn òkun náà sì ń ṣàn wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo nǹkan pátá dojú kọ ẹni tí ń lọ. Gbogbo nǹkan pátá ń ti ẹni tí ń bọ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ mélì lọ sí ìlú Ọba mọ èyí dáadáa. Ẹ ó rántí Accra àti Apapa tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1967 sí 1968, àti Aureol, ọkọ̀ funfun oní 14,000 tọ́ọ̀nù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Liverpool ni ó ń lọ títí di 1972, lẹ́yìn náà ó lọ sí Southampton, ó sì parí ní 1974. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ mélì ń lò lójú omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ yóò gbádùn títí dé Sàró, á máa jó ní alẹ́. Bí wọ́n bá ti kọjá Dákà, tábìlì oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, lẹ́yìn Las Palmas ni ara ń tù ú, yóò sì máa sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ti di atukọ̀. Afẹ́fẹ́ ló yí sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn tí ń wọ ọkọ̀ afẹ́ lónìí ń rí irú rẹ̀ ní etíkun ilẹ̀ Potogí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àríwá ni afẹ́fẹ́ ti ń wá níbẹ̀ náà. Wọ́n ń rí i ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà: ẹni tí ó ti San Diego lọ sí Vancouver yóò jẹ ìyà ju ẹni tí ó ti Vancouver bọ̀ sí San Diego lọ. Bí owó bá jẹ́ kí ẹ lọ ṣe afẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ bèèrè ibi tí ọkọ̀ kọjú sí kí ẹ tó bèèrè ohun tí wọn yóò fi bọ́ yín.

ÀBỌ̀ NÁÀ NÍ EWU TIRẸ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níhìn-ín pẹ̀lú èrò pé kò séwu nígbà tí ìgbì bá wà lẹ́yìn. Ìgbì tí ó dojú kọ ọ ń pariwo. Ó ń gbá ọ, ìwọ náà á dín eré kù. Ìgbì ẹ̀yìn kì í pariwo. Bí eré ọkọ̀ bá fẹ́ bá eré ìgbì dọ́gba, ìgbì á gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ìtọ́kọ̀ á dà bí ẹni tí kò mú nǹkan kan, ọkọ̀ kékeré á sì yí ẹ̀gbẹ́ síta lójijì. Ìgbì tí ó tẹ̀ lé e ni yóò wá dà á dé. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí ń gba orí yanrìn wọlé mọ èyí ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ. Wọ́n á dúró, wọ́n á jẹ́ kí ìgbì ńlá kọjá, kí wọ́n tó wa ọkọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Èyí tí ó burú jù ni pé kí afẹ́fẹ́ máa lọ síbìkan kí ìṣàn máa bọ̀ láti ibẹ̀. Ní etíkun tiwa, àwọn méjèèjì jọ ń lọ sí ìlà oòrùn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, ìdí nìyẹn tí òkun wa fi ń fì púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í sábà ga bí ògiri. Ní etíkun gúúsù ìlà oòrùn South Africa ni ẹ ó ti rí òdìkejì rẹ̀. Ìṣàn Agulhas ń lọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn níbẹ̀, ó lè tó máìlì òkun 4 sí 5 ní wákátì kan. Bí ìjì bá ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn dìde, ó ń fẹ́ lòdì sí ìṣàn, ìgbì á kúrú, á ga, iwájú rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ògiri, ihò á sì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń bá ìṣàn lọ nítorí kí ó lè yára ni ó ń fi orí kó sínú ihò náà. Ní 1909, ọkọ̀ Waratah kúrò ní Durban lọ sí Cape Town pẹ̀lú ènìyàn 211. Títí di òní olónìí a kò rí ọkọ̀, a kò rí ènìyàn kan. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn atukọ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ pé bí ìjì bá ti dìde láti apá yẹn, kí wọ́n kúrò lórí ìṣàn, kí wọ́n súnmọ́ etíkun níbi tí omi kò ti jìn ju 200 mítà lọ. Wọn yóò pẹ́ dé. Wọn yóò dé.

Ní ibẹ̀ kan náà, ní oṣù Kẹjọ 1991, ọkọ̀ afẹ́ kan tí ń jẹ́ Oceanos kúrò ní East London lọ sí Durban. Afẹ́fẹ́ àti ìgbì le lójú omi, ìṣàn sì wà níwájú rẹ̀.  Omi ya wọ ilé ẹ́ńjìnì, iná kú. Wọ́n ti yọ páìpù kan kúrò lára ògiri tí kò yẹ kí omi gbà kọjá, wọn kò sì tíì dí ihò náà. Ibẹ̀ ni omi gbà lọ sí àwọn yàrá yòókù. Ìgbì kọ́ ló rì í. Iṣẹ́ àtúnṣe tí a kò parí kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka àtúnṣe ní ilé iṣẹ́, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ: «Ẹ jẹ́ kó máa lọ báyìí ná, a ó ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.»

Ọ̀gá ọkọ̀ náà jẹ́ kí hẹlikópítà gbé òun kúrò nígbà tí èrò púpọ̀ ṣì wà lórí dẹ́ẹ̀kì. Àwọn òṣèré tí wọ́n gbà láti máa kọrin fún èrò, onígìtá kan tí ń jẹ́ Moss Hills wà lára wọn, ni wọ́n dúró ti rédíò, tí wọ́n ń so okùn mọ́ èrò lára, tí wọ́n ń tò wọ́n fún hẹlikópítà. Gbogbo ènìyàn 571 ló yè. Òṣìṣẹ́ ni àwọn òṣèré yìí, kò sì sí nínú ìwé iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là. Bí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn yìí fún mi, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ta ló kọ́ wọn bí a ti ń sọ ọkọ̀ ìgbàlà kalẹ̀? Kò sẹ́ni. Wọ́n kọ́ ọ lóru yẹn.

Mo ní láti fi èyí tí ó súnmọ́ wa kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nira fún mi láti sọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọkọ̀ èrò Le Joola ti Ziguinchor ń lọ sí Dákà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Nǹkan bí 580 ènìyàn ni a kọ́ ọ láti gbé. Àwọn tí ó kú nìkan, 1,863 ni ìjọba kà. Àwọn tí ó yè kò pé 70. Ìjì òjò alẹ́, irú èyí tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ló kọlù ú lójú omi níwájú etíkun Gáḿbíà, ó sì dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sílé ìwé àti ìyálọ́jà tí ń gbé máńgòrò àti epo pupa lọ sí ọjà. Ọkọ̀ tí a kò kó ju agbára rẹ̀ lọ máa ń fì, a sì tún dìde. Ọkọ̀ tí ènìyàn àti ẹrù kún òkè rẹ̀, bí ó bá fì tán, kò ní ohun tí yóò fi dìde. Ọ̀rọ̀ àlọ tàbí àbọ̀ kò wọ ibẹ̀ mọ́.

ÌPÍN TIWA

Ẹ̀yin tí ẹ ń to páálí sínú kọ̀nténà ní ilé iṣẹ́, bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán, ìrìn àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Títì Àpápá yóò gbọ̀n ọ́n, ìyẹn a mọ̀. Lẹ́yìn náà yóò wà lórí ọkọ̀ tí ó lè fì dé ìwọ̀n 30 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó tún fì dé ìwọ̀n 30 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán tòru. Àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín páálí àti ògiri kọ̀nténà, kékeré ló jẹ́ lójú yín. Lójú omi, ibẹ̀ ni ẹrù yóò ti gba eré wá. Ẹ fi pákó tàbí àpò dí i. ILO, IMO àti UNECE ti gbé ìwé ìlànà jáde lórí iṣẹ́ yìí ní 2014; ó yẹ kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ mánéjà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2016 ni òfin òkun ti ní a kò gbọdọ̀ gbé kọ̀nténà sórí ọkọ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ hàn. Ọ̀gá ọkọ̀ ń to èyí tí ó wúwo sísàlẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ sókè. Bí ìwé bá ní tọ́ọ̀nù 12 tí inú rẹ̀ sì jẹ́ 25, a ti gbé ẹrù wúwo sórí ọkọ̀ bí ìgbà tí a kó èrò sórí Le Joola. Awakọ̀ tírélà tí ó gbé e ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n lára bíréèkì, ẹ mọ̀ ọ́n ní òkè. Ẹ má gba ìwé tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ipá mú yín, ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ní oṣù Kọkànlá 2020, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ ONE Apus pàdé ìgbì líle lójú òkun Pàsífíìkì, kọ̀nténà tí ó lé ní 1,800 sì ṣubú sínú omi. Ẹ máa fojú inú wo èyí tí ó wó sórí dẹ́ẹ̀kì dípò omi, tí atukọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti dídè ẹrù, iṣẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté ni, èbúté sì ni ibi tí ó yẹ kí a ti ṣe é, nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹgbẹ́ ITF ti ń jà lórí èyí káàkiri àgbáyé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ máa ń yára lé ọkọ̀ kúrò ní èbúté kí owó ìdúró má bàa pọ̀, àwa atukọ̀ ni wọ́n á ní kí a máa fún ṣéènì lójú omi. Mo ti dúró lórí dẹ́ẹ̀kì ní aago méjì òru, ọkọ̀ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, omi ń ta lé wa lórí, irin gígùn wà lọ́wọ́ mi kan, ọwọ́ mi kejì di ìgbámú. Ọ̀gá wa kò dín eré kù, kò sì yí ọkọ̀ kí ìgbì lè rọjú fún wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìyẹn ìbá gbà. Wọ́n ń ṣe é fún pálọ́ọ̀tì: bí pálọ́ọ̀tì bá fẹ́ gun àkàbà okùn wọ inú ọkọ̀, wọ́n á yí ọkọ̀ kí ara rẹ̀ lè gba ìgbì dúró, kí ọkọ̀ kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ tí omi ti rọlẹ̀. Bí a bá lè ṣe é fún pálọ́ọ̀tì, a lè ṣe é fún àwọn tí ń fún ṣéènì. Ilẹ̀ wa ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ atukọ̀ láti 2013, ọ̀rọ̀ ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ kedere.



(Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, arábìnrin kan láti ẹ̀ka ìránṣọ bèèrè pé bí ó bá di dandan kí ènìyàn wọ ọkọ̀ òkun, ibo ni kí ó dúró kí inú má bàa ru ú. Ìdáhùn nìyí.)

Àárín ọkọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, kí ó sì súnmọ́ ìsàlẹ̀. Iwájú àti ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ń lọ sókè sódò jù, bí ọmọdé méjì tí ó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó kan. Òkè pátápátá ni fífì pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá wà lórí dẹ́ẹ̀kì, ẹ wo ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run, ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, ẹ má sì kàwé. Ẹ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ ní inú òfìfo. Bí ó bá jẹ́ etíkun tiwa tí ẹ ń gbà lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ bèèrè yàrá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìgbì àti omi tí ń ta wà ní òsì. Ní bíbọ̀, òsì ni kí ẹ bèèrè.